Kúráǹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè: ìtàn kọ̀ǹpútà géèmù tó ń ṣókùnkùn ní Banikanni, Parakou

Bí ojú kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gbá géèmù bá ń ṣókùnkùn lójijì ní Banikanni, tàbí tí ẹ̀rọ náà bá ń kú tó tún ń jí fúnra rẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọ̀gá tó ń tún un ṣe máa ń bi ẹni tó gbé e wá kì í ṣe nípa kọ̀ǹpútà rárá. Yóò béèrè ibi tí wọ́n ti ń fa iná, àti ẹni tó ni compteur. Yóò béèrè aago tí ẹ̀rọ náà sábà máa ń kú, àti bóyá fìríìjì tàbí ẹ̀rọ ìlọta wà lórí wáyà kan náà. Ẹ̀yìn èyí ni yóò tó béèrè irú géèmù tí wọ́n ń gbá. Àwọn ìlànà àtúnṣe tí wọ́n ń kọ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kì í sábà bẹ̀rẹ̀ báyìí. Driver ni wọ́n máa ń ní kí a kọ́kọ́ pààrọ̀, lẹ́yìn náà wáyà ojú ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà ooru, kí wọ́n tó kan ọ̀rọ̀ iná, bí wọ́n bá tilẹ̀ kàn án. Ẹni tó kọ wọ́n gbà tẹ́lẹ̀ pé iná tó ń jáde lára ògiri pé.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú iṣẹ́ yìí ni pé bí àwọn ọ̀gá Parakou ṣe ń to ìbéèrè wọn jẹ́ ẹ̀rí ìtàn, tí a lè kà gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ka ìwé inú àpamọ́ ìjọba. Ohun méjì ló tò ó bẹ́ẹ̀. Èkíní ni ìtàn iná mànàmáná láàrin Gánà, Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà láti 1968. Èkejì ni ìtàn ọjà àlòkù tó ń ti òkè òkun wá. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn méjèèjì á rò pé àfiṣeré ni ìbéèrè nípa fìríìjì yẹn.

Àwọn òpìtàn ti kọ̀wé nípa ojú irin tó ti Kútọ̀nù dé Parakou ní 1936, nípa òwú, àti nípa àwọn ọba Baatonu. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tú kọ̀ǹpútà palẹ̀ kò tíì rí àyè púpọ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ Parakou, ìlú tí Baatonu, Dendi, Fọn àti Yorùbá jọ ń ṣòwò, jẹ́ ibi tí ẹrù máa ń dúró kí ó tó gbéra lọ sí àríwá. Ó yẹ kí a béèrè ohun tí ẹrù wọ̀nyí máa ń ṣe nígbà tí a bá fi wọ́n sínú iná. Nínú iṣẹ́ yìí, mo fi ọ̀rọ̀ Faransé tí àwọn ọ̀gá ń lò sílẹ̀ bó ṣe wà: alimentation, carte graphique, barrette, condensateur. Bí wọ́n tilẹ̀ ń sọ Yorùbá tàbí Dendi pẹ̀lú oníbàárà, ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni wọ́n fi ń pe àwọn nǹkan náà, kò sì ní jẹ́ òótọ́ bí mo bá fi ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í sọ rọ́pò wọn. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí òǹkàwé mọ̀ ni pé òkùnkùn kì í ṣe ẹyọ kan. Oníbàárà á ní « écran noir », ó parí. Ọ̀gá á yà á sí mẹ́rin.

Nínú òkùnkùn àkọ́kọ́, ojú ẹ̀rọ á ṣú fún ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta, á tún là, ó sì lè jẹ́ pé géèmù náà ti jáwọ́. Òkùnkùn yìí ní ọdún tí wọ́n bí i. Nígbà tí Windows Vista jáde ní 2007, Microsoft fi òfin tuntun kan sínú rẹ̀: bí carte graphique kò bá dáhùn láàrin ìṣẹ́jú àáyá 2, Windows á já driver rẹ̀ lulẹ̀, á sì tún un gbé dìde, kí gbogbo ẹ̀rọ má bàa dákú. Ṣáájú ìgbà náà, irú àṣìṣe kan náà sábà máa ń yọrí sí ojú ewé aláwọ̀ búlúù tàbí kí ẹ̀rọ gan pátápátá. Nítorí náà, bí ọmọ kan bá ní kọ̀ǹpútà òun ń ṣẹ́jú, ohun tó ń rí ni ẹ̀rọ tó ń gba ara rẹ̀ là.

Nínú òkùnkùn kejì, ojú ẹ̀rọ á ṣú pátápátá ṣùgbọ́n a ṣì ń gbọ́ ohùn géèmù, fáànù á sì máa pariwo bí ẹni pé inú ń bí i. Níbẹ̀, carte graphique, wáyà tàbí écran fúnra rẹ̀ la fura sí. Ọ̀gá á yọ wáyà, á fi òmíràn sí i, á tún gbé écran mìíràn wá kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú àpótí.

Ẹ̀kẹta ni pé kí gbogbo rẹ̀ kú pa lẹ́ẹ̀kan bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ, kí ó sì tún tan fúnra rẹ̀, nígbà tí gílóòbù inú yàrá kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Windows á kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé « Kernel-Power 41 ». Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ti ka nọ́ńbà yìí tó sì kó wọn láyà jẹ, bẹ́ẹ̀ kò sọ ju pé ẹ̀rọ náà kú láìdágbére lọ. Kò sọ ẹni tó pa á.

Ẹ̀kẹrin ni ti ooru. Ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́ fún ìdajì wákàtí, á kú, kò sì ní fẹ́ tan dáadáa àfi bí ó bá tutù. Ní Parakou, eruku ọyẹ́ láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ló ń di ihò fáànù. Ooru oṣù Kẹta ló sì ń wá fi hàn pé ó ti dí. Àwọn ọ̀gá mọ̀ ọ́n bí àgbẹ̀ ṣe mọ àsìkò.

Ìdí tí ẹ̀kẹta fi gba iwájú nínú ìbéèrè wọn ni ó kan òpìtàn jù, ìdí náà kò sì sí nínú Banikanni. A ní láti lọ dé etí odò Volta.

Ní 1968, Tógò àti Dahomey, orúkọ tí Bẹ̀nẹ̀ ń jẹ́ títí di 1975, fọwọ́ sí àdéhùn tó dá Communauté Électrique du Bénin sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí CEB. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ra iná fún orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ìsédò Akosombo ní Gánà, tí Kwame Nkrumah ṣí ní oṣù Kìíní 1966, ni iná náà ti ń wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ wa ní 1972. Láti ìgbà náà ni iná Kútọ̀nù ti so mọ́ òjò tó ń rọ̀ sínú adágún kan ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ọ̀dá 1983 sí 1984 mú omi adágún náà fà. Ní 1998 omi tún fà, Gánà dín iná tó ń tà kù, délestage sì di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Ìsédò Nangbéto lórí odò Mono, tí wọ́n ti parí ní 1987, kò ju megawatt 65 lọ, kò sì lè dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀.

Ní 2007, wáyà ńlá tó ti Ikeja West ní Nàìjíríà wá sí Sakété bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀nà méjì wá wà dípò ẹyọ kan. Àmọ́ ọ̀nà méjì túmọ̀ sí pé wàhálà lè gba ọ̀nà méjì wọlé. Ní oṣù Kẹjọ 2012, ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi kan fa páìpù gáàsì Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà ya nínú òkun ní ìtòsí Lomé, gáàsì Nàìjíríà kò sì lè kọjá sí àwọn ilé iṣẹ́ iná fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìgbà tí Bẹ̀nẹ̀ ṣí Maria-Gléta 2 ní 2019, megawatt 127, ni a tó lè sọ pé ìpín tó nípọn nínú iná tí à ń lò jẹ́ tiwa. Parakou jìnnà sí gbogbo orísun wọ̀nyí. Ó ju kìlómítà 400 lọ sí etíkun, bí wáyà bá sì ṣe gùn tó ni ohun tó lè ṣe é ṣe pọ̀ tó.

Délestage fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́ jù. Ìgbà tí iná bá padà ni ewu wà, nígbà tí fìríìjì gbogbo àdúgbò bá jọ fà á lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn èyí ni iná tó wà ṣùgbọ́n tí kò tó, èyí tí ojú kì í rí. Kúráǹ wa ń yí ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni pé ìyípo kan gba ìdá 20 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ìlànà ATX tí Intel gbé jáde ní 1995, tí ọ̀pọ̀ alimentation orí tábìlì ṣì ń tẹ̀ lé, béèrè pé kí alimentation lè fi ohun tó tọ́jú pamọ́ gbé ẹ̀rọ ró fún bí ìdá 16 tàbí 17 péré bí iná bá já. Kò tó ìyípo kan. Nítorí náà, iná tó sọnù fún ìyípo kan ṣoṣo, tí gílóòbù kò fi hàn, lè pa kọ̀ǹpútà. Bí volt bá ti lọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tó wà ní ìpamọ́ náà á ti dín kù. Bí ẹ̀rọ bá sì ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan, á tètè tán. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ kan náà fi lè kọ tẹ́ẹ̀sì láti òwúrọ̀ dé alẹ́ láìsí wàhálà, tó sì ń kú láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí géèmù bá bẹ̀rẹ̀. Àwọn òbí a máa sọ pé géèmù ló ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Ohun tí wọ́n rí, òótọ́ ni. Ìdí tí wọ́n fún un ni kò tọ̀nà.

Ó tún ku ohun kan láàrin òpó SBEE àti yàrá ọmọ náà. Ní àwọn àdúgbò tó ń gbòòrò ju wáyà ìjọba lọ, ilé mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń fa iná láti ara compteur ẹyọ kan, lórí igi àti lórí ògiri. Toile d'araignée ni gbogbo Bẹ̀nẹ̀ ń pè é. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Wáyà bàbà tí ó nípọn ní mílímítà onígun 1,5, tó rìn ní mítà 100 láti compteur dé ilé, ní àlọ àti àbọ̀, ó jẹ́ mítà 200. Ìdènà rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ohm 2,3. Bí gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ bá ń fa ampère 10, volt 23 ti sọnù sínú wáyà náà kí iná tó dé prise. Iná tó kúrò nídìí compteur ní 220 á dé ilé ní 197. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí gbogbo ìlú ń lò ó, kì í sábà kúrò nídìí compteur ní 220.

Ọ̀ràn kan tí mo tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin á jẹ́ kí èyí yé wa. Ọmọ kan tó wà ní ọdún kejì ní Yunifásítì Parakou ní kọ̀ǹpútà tó fi ń ṣe iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́sàn-án, tó sì fi ń gbá bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ lálẹ́. Láàrin aago méje sí mẹ́wàá ni ẹ̀rọ náà ń kú. Ọ̀gá àkọ́kọ́ ní carte graphique ti bàjẹ́. Ìyá rẹ̀, tó ń tajà ní Arzèkè, ti ń múra láti gba àjọ tó kàn án kí ó fi ra òmíràn, bẹ́ẹ̀ ohun mìíràn ni ó ń dá àjọ náà fún: owó ilé-ẹ̀kọ́ àbúrò ọmọ náà. Ọ̀gá kejì ní kí màmá fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun fún alẹ́ méjì. Ó jẹ́ kí géèmù máa lọ lórí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, tó ní compteur tirẹ̀, kò sì kú rárá. Ó wá gbé multimètre lọ sí ilé wọn lálẹ́. Iná tó wà nínú prise kò dé 180, ó sì tún lọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ìlọta ilé kejì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò sí ohun tó ṣe carte graphique. Wáyà tó nípọn àti régulateur ni wọ́n rà, owó méjèèjì kò sì dé ìdajì owó carte. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó mọ èyí tí í ṣe ẹ̀tẹ̀, ó ní láti ní multimètre, kí ó sì ní sùúrù láti rìn lọ sí ilé oníbàárà lálẹ́, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ kì í gba owó lé lórí.

Ìtàn kejì, ti ọjà àlòkù, ń ṣàlàyé ìdí tí alimentation fi jẹ́ ohun kejì tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Àwọn Yorùbá Nàìjíríà ń pe irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ní tòkunbọ̀, orúkọ tí à ń sọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun. Tiwa ni « venu de France », kódà bí ó bá jẹ́ Jámánì tàbí Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti kó o wá. Mo fẹ́ràn ti Nàìjíríà jù, nítorí ó ka ẹrù náà sí ọmọ tó padà wálé.

Ọmọ náà a máa gbé àìsàn ibi tí ó ti wá bọ̀. Láti nǹkan bí 1999 títí di àárín ọdún 2000 sí 2010, condensateur tí kò dára wọ inú carte mère àti alimentation káàkiri ayé: orí wọn á wú, á sì máa da omi. Láàrin oṣù Karùn-ún 2003 sí oṣù Keje 2005, Dell kó kọ̀ǹpútà tó tó mílíọ̀nù 11,8 jáde tí ewu yìí wà nínú wọn. Ní oṣù Keje 2008, Nvidia kéde pé òun ń ya mílíọ̀nù dọ́là 150 sí 200 sọ́tọ̀ nítorí carte inú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ooru ń já ìsopọ̀ wọn. Ọdún wọ̀nyí gan-an ni kọ̀ǹpútà àlòkù ń ya wọlé sí etíkun wa. Ní 2005, àjọ Basel Action Network kọ̀wé pé nǹkan bí kọ̀ǹtẹ́nà 500 ẹrù kọ̀ǹpútà àlòkù ló ń wọ Èkó lóṣooṣù. Ìwádìí tí Àjọ Ìpàdé Basel àti UNEP gbé jáde ní 2011 lórí pàǹtírí ẹ̀rọ ní Áfríkà ka Bẹ̀nẹ̀ mọ́ orílẹ̀-èdè márùn-ún tí wọ́n yẹ̀ wò. Pàǹtírí ni ìwé wọ̀nyí rí. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ wo ẹni tó mọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ pa orí condensateur kí ó tó ra ẹ̀rọ, nígbà tó jẹ́ pé ìmọ̀ yẹn ló ń pinnu ohun tó máa di pàǹtírí àti ohun tó máa tún lo ọdún márùn-ún.

Àwọn kan tún wá láti Amẹ́ríkà pẹ̀lú bọ́tìnì pupa kékeré lẹ́yìn alimentation, tí wọ́n gbé sí 115. Ẹni tó bá so ó mọ́ 220 wa láìwo ẹ̀yìn rẹ̀ á gbọ́ ìró kan, á sì rí èéfín. Mo rò pé kò sí ọ̀gá kan ní Parakou tí kò ní ìtàn kan láti sọ nípa bọ́tìnì yẹn.

Kọ̀ǹpútà géèmù Banikanni kì í sábà jẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́ fún géèmù. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni, tó ti ṣiṣẹ́ ní báńkì tàbí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Yúróòpù, tí alimentation rẹ̀ kò sì ju watt 240 tàbí 300 lọ. Wọ́n á wá ki carte graphique bọ̀ ọ́ nínú. GTX 1050 Ti tó jáde ní 2016 bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mu, nítorí watt 75 ló ń lò, ìyẹn sì ni ohun tí carte mère lè fún un láìsí wáyà mìíràn. Ṣùgbọ́n ojú ọmọdé kì í kúrò lára ohun tó tóbi. RTX 3080 ti 2020 ń béèrè watt 320. Lẹ́yìn tí Ethereum sì pa ìwakùsà tí wọ́n ń fi carte graphique ṣe tì ní oṣù Kẹsàn-án 2022, carte tó ti ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru fún oṣù púpọ̀ bọ́ sí ọjà àlòkù káàkiri ayé. Bí irú èyí bá bọ́ sínú àpótí tí alimentation rẹ̀ fúyẹ́ bí ike, tí wọ́n kàn lẹ « 500 W » mọ́ lára, òkùnkùn kẹta dé nìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan yìí láìsí ẹ̀ṣẹ̀ SBEE.

Ibí yìí ló yẹ kí òpìtàn ti ṣọ́ra. Kúráǹ jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ tó rọrùn láti mú. Kò sí nílé, kò lè jiyàn, gbogbo ènìyàn sì ti bínú sí i tẹ́lẹ̀. Mo rí ọ̀gá kan tó di ẹ̀bi lé kúráǹ fún ẹ̀rọ kan tí ó jẹ́ pé barrette rẹ̀ ló dọ̀tí. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi ìréèsà nu ẹsẹ̀ rẹ̀, ó padà sípò. Nítorí náà, gbólóhùn « kúráǹ ni » lásán kò tíì tó ẹ̀rí. Ohun tí mo gbà ní ẹ̀rí ni ìwọ̀n tí multimètre sọ, ní aago kan pàtó, ní ilé kan pàtó, àti àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe sí ẹ̀rọ kan náà lórí iná mìíràn. Àwọn tó dára jù nínú àwọn ọ̀gá náà kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ wà ní àkọsílẹ̀, ibi tó wà kọ́ ni a ń wá a sí. Àwọn ọ̀gá mélòó kan ní cahier tí wọ́n ń kọ ọjọ́, irú ẹ̀rọ, àìsàn rẹ̀, ohun tí wọ́n pààrọ̀ àti owó tí wọ́n gbà sí. Èyí tó pẹ́ jù nínú àwọn tí wọ́n jẹ́ kí n wò bẹ̀rẹ̀ ní 2014. Nínú rẹ̀, alimentation kún ojú ewé oṣù kan débi pé ọ̀gá náà kò kọ ọ̀rọ̀ náà mọ́, lẹ́tà A nìkan ló ń kọ, pẹ̀lú aago tí oníbàárà sọ pé ẹ̀rọ náà kú ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Cahier tó ṣáájú ti lọ pẹ̀lú ẹni tó ń fi bébà di àkàrà nítòsí. Mo ti ya fọ́tò àwọn méjì tó kù, ojú ewé dé ojú ewé, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi aago inú wọn wéra pẹ̀lú ọjọ́ tí iná já ní Parakou.